Kí ni lẹ́tà n ń ṣe lẹ́yìn orúkọ ìsọ̀rí ìràwọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ń kó ìràwọ̀ jọ fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó rí méjì tí ìsọ̀rí wọn jọ jẹ́ B8 V, ìyẹn ìràwọ̀ gbígbóná aláwọ̀ búlúù, àfi pé ọ̀kan ní n kékeré lẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì búlúù tó ti èkejì. Ṣé àṣìṣe ni, kó yọ ọ́? Ìyá kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Kó má yọ ọ́ o, mà. Lẹ́tà n yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ó ń sọ pé ìlà inú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà fẹ̀, torí pé ó ń yí kíákíá.

Tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ká bí òṣùmàrè, a ó rí ìlà dúdú tín-ín-rín nínú rẹ̀. Òun la fi ń mọ ìsọ̀rí. Bí ìràwọ̀ ṣe ń yí, ẹ̀gbẹ́ kan ń bọ̀ wá bá wa, èkejì ń sá lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn ò ní bára mu, bí fèrè Micra ṣe ń yí ohùn padà tó bá ti kọjá lára yín. Ìlà náà á wá fẹ̀, bí ìlà báírò tí omi kán sí: yíǹkì ò dín, àmọ́ ó ti ṣá. Àwọn tó tín-ín-rín jù tiẹ̀ lè pòórá, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń pín ìsọ̀rí ti lè ṣìnà.

Àwọ̀ ńkọ́? Oòrùn wa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 25 kó tó yí po. Ìràwọ̀ Regulus, tí òun náà jẹ́ B8, ń lo nǹkan bíi wákàtí 16 péré. Eré yẹn ti mú ìbàdí rẹ̀ yọ síta bí ọsàn tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ lórí. Ibi tó yọ jìnnà sí àárín, agbára òòfà tó ń fa nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀ dín, ooru ibẹ̀ náà dín: nǹkan bíi 10,000 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, nígbà tí orí rẹ̀ ń lọ sí 15,000. Von Zeipel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Sweden, ti ṣírò irú èyí láti 1924. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọjú sí wa ni àwọ̀ rẹ̀ ń borí.

Ìràwọ̀ Vega ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fi ṣe òdo fún nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìràwọ̀, ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ẹni tó ń rọra yí. Àṣé orí rẹ̀ ló kọ sí wa! Ìbàdí rẹ̀ ń sá tó nǹkan bíi kìlómítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bí 20 péré là ń rí wọ̀n.

Nítorí náà, kí ọmọ yín wo òpó tí wọ́n kọ v sin i sí, ìyẹn ìwọ̀n eré yíyí tí à ń rí láti ibi tí a wà. Tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá tóbi, ìràwọ̀ náà ń sáré. Tó bá kéré, kó má tíì sọ pé ó ń rọra yí, orí rẹ̀ lè kọ sí wa bíi ti Vega. Eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ náà máa ń mú àwọ̀ pọ́n, bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe oòrùn wa níbí, pàápàá tí ìràwọ̀ bá jìnnà. Kó kọ n náà síwèé bó ṣe rí i. Tíṣà rẹ̀ lè béèrè.