Ẹ Béèrè, A Dáhùn: A Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Àṣà Kérésìmesì, Báwo Ni Kí A Ṣe Sọ Ọ́ fún Ẹbí?

Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọdún kẹsàn-án báyìí tí èmi àti ọkọ mi ti fẹ́ ara wa, kò sì sí Kérésìmesì kan tó kọjá tí a kò ṣe é bí ẹbí méjèèjì ṣe fẹ́. A máa ń ra ẹ̀bùn fún gbogbo ènìyàn, a máa ń ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́, a máa ń fi káàdì ránṣẹ́, a sì máa ń pín ọjọ́ náà sí méjì kí a lè wà nílé màmá mi ní òwúrọ̀, kí a sì dé ilé àwọn òbí ọkọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Kẹsàn-án, bí mo ṣe ń nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí àpótí ẹ̀bùn mẹ́ta tí wọ́n fún wa ní ọdún tó kọjá, tí a kò tíì tú. Mo tú ọ̀kan. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀, gbogbo píìnì ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì bú sẹ́kún.

Ọkọ mi ní ó ti tó gẹ́ẹ́, nítorí pé oṣù Kẹta ni a tó san gbèsè ọdún tó kọjá tán. Ní tèmi, bàbá mi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta, láti ìgbà náà ni orin àti iná ọdún ti máa ń bà mí nínú jẹ́. Àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé kò sí igi, kò sí ẹ̀bùn, a kò sì ní lọ sí ibì kankan ní ọdún yìí. Ọkọ mi fẹ́ kí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè bá wa jiyàn. Kristẹni ni wá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni a fẹ́ dá? Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì dára?

Èsì:

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́ tí a bí Jésù, kò sì sí ibi tó ti pàṣẹ pé kí a máa ṣe àjọ̀dún ìbí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tó fi hàn pé àwọn Kristẹni ní Róòmù ń ṣe é ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 336 ló tọ́ka sí, nígbà tí ìjọ ti wà fún nǹkan bí 300 ọdún. Títí di òní, Ìjọ Àpọ́sítélì ti Àméníà ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Rọ́ṣíà sì ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 7. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà ìjímìjí ń bára wọn jiyàn nípa ọjọ́, ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn nínú Róòmù orí 14 ni pé kí olúkúlùkù ní ìdánilójú nínú ọkàn ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kẹ́gàn arákùnrin rẹ̀.

Àwọn nǹkan tó sì ti sú yín yìí, ọmọdé ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjọ̀dún náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1843 ni ọkùnrin ará England kan tó ń jẹ́ Henry Cole gbé káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ jáde fún títà ní London. Láti Jámánì ni igi ọlọ́ṣọ̀ọ́ ti wá, ó sì gbilẹ̀ ní England lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kan tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1848, níbi tí wọ́n ti yí igi tiwọn ká. Ní Scotland, tí Kristẹni pọ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Kérésìmesì kò di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú títí di ọdún 1958. Ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàbá ń lọ ní ọjọ́ náà, wọn kò sì torí ìyẹn fẹ́ràn ọmọ wọn díẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọkàn balẹ̀ ní ìhà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mú kálámù. Ẹ ní ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò, síbẹ̀ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń sá fún. Gbèsè ló ń lé ọkọ yín, ọ̀fọ̀ ló ń lé ẹ̀yin. Ẹni tí gbèsè ń lé, bí a bá ti gbé ẹ̀bùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ara ti tù ú nìyẹn. Ó lè dùn mọ́ ọn pàápàá láti lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n jọ jókòó ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ń lé, ẹ̀bùn kọ́ ló ń dà á láàmú. Àga tí bàbá máa ń jókòó sí ni ojú rẹ̀ ń lọ sí. Bí ẹ kò bá sọ èyí fún ara yín nísinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín ní ní ọdún tó ń bọ̀ pé gbèsè ti tán, ẹ jẹ́ ká padà sí bí a ti ń ṣe é, kí ẹ̀yin sì rò pé ó já yín kulẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ kò fìgbà kan gbà láti ṣe ohun kan náà. Ẹ mú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù kọ ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ àti ohun tí kò fẹ́ pàdánù, kí ẹ sì pààrọ̀ ìwé náà. Mo ní kí ẹ kọ ọ́ ni, kí ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́, nítorí pé láàárín tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn, ẹnu a máa yára gbà ju ọkàn lọ.

Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ rántí màmá yín. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ máa ń wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ẹ̀yin ń ṣọ̀fọ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá, ọkọ ni ó jẹ́ fún wọn. Bóyá igi àti orin náà ń dun àwọn náà, tí wọ́n kàn ń fara dà á nítorí yín, bí ẹ̀yin náà ṣe ń fara dà á nítorí wọn. N kò lè bá yín mọ̀ ọ́n láti ibi tí mo jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè bi wọ́n. Ó lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ìdákẹ́jẹ́ kan ni ẹ̀yin méjèèjì ń fẹ́, láìsí igi, láìsí ẹ̀bùn, kí ẹ jọ dárúkọ bàbá kí ẹ sì sunkún bí ẹkún bá wá. Bí ẹ bá sì pinnu láti dúró sí ilé tiyín, ẹ ṣètò òwúrọ̀ náà ṣáájú, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe àti ibi tí ẹ ó wà. Ilé tó pa rọ́rọ́ ní ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò ń yọ̀ a máa wúwo lórí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Àárẹ̀ iṣẹ́ ló mú mi ní ọdún kan, ni mo bá kọ̀wé sórí fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì pé n kò ní lè wá mọ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé kò burú. Oṣù Kejì ni mo tó dé ilé wọn. Aṣọ ibùsùn tuntun tí wọ́n tẹ́ dè mí ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá àlejò, tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí ìrọ̀rí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Wọn kò bá mi wí, wọ́n kàn wọlé, wọ́n sì ṣí fèrèsé. Wíwá tí n kò wá kọ́ ló dùn wọ́n jù, bí kò ṣe pé mo jẹ́ kí wọ́n múra tán kí n tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó na owó tàbí kó tẹ́ ibùsùn. Kí olúkúlùkù sọ fún ẹbí tirẹ̀, lójúkojú tàbí lórí fóònù. Bí ẹ̀yin bá lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ìyàwó ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Bí ọmọ wọn bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ni. Kò nílò àlàyé jàn-àn-ràn jan-an-ran. Ó lè sọ pé, “Màmá, ẹ̀bùn àti igi ni a fẹ́ fi sílẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra nǹkan kan fún wa. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní ni a máa wá, a ó sì sùn mọ́jú.” Kí ó dárúkọ ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ̀yin méjèèjì sì lọ ní ọjọ́ náà. “A máa yọjú láìpẹ́” kì í ṣe ìlérí létí òbí.

Bí ẹnìkan bá sì gbé ẹ̀bùn wá síbẹ̀síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì tú u lójú rẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan pé ìnákúnàá ni tiwọn. Ní ọdún 1647, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin England, tí àwọn Puritan (àwọn Kristẹni tó fẹ́ fọ ìjọ mọ́ kúrò nínú àṣà tí kò sí nínú Bíbélì) lágbára nínú rẹ̀, fòfin de Kérésìmesì, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Canterbury ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, nítorí pé wọ́n ní dandan ni kí àwọn oníṣòwò ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1659 títí di 1681, ẹni tí ọwọ́ òfin bá tẹ̀ pé ó ń ṣe é yóò san owó ìtanràn ṣílè márùn-ún. Òfin méjèèjì ti wọlẹ̀, àjọ̀dún náà ṣì wà. Ẹ̀yin méjèèjì ni ìpinnu yín dè, kò de ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ọmọkùnrin mi wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun àti ìyàwó òun kò ní ṣe Kérésìmesì mọ́. Ó dá mi lójú pé ìyàwó náà ló wà nídìí rẹ̀. Ṣé kí n pè é kí n bá a sọ̀rọ̀?

Èsì:

Ẹ jọ̀wọ́ Màmá wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ló rìn wá bá yín tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Bí ẹ bá pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́, yóò di dandan fún un láti gbèjà ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan nínú ọdún yóò sì di ọ̀rọ̀ gbogbo ọdún. Ó dùn yín, kò sì burú kí ẹ jẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ yóò wọ̀n yín ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni kí ẹ máa retí àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá sì dé, ẹ gba ìyàwó náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kí ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Èmi àti ìyàwó mi ti jáwọ́ nínú Kérésìmesì nítorí ìgbàgbọ́ wa. Ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kí ni kí a kọ́ ọ láti sọ ní ilé ẹ̀kọ́?

Èsì:

Ẹ fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́, tí ẹnu ọmọ ọdún méje lè gbé, irú bíi “A kì í ṣe é nílé wa.” Ẹ kìlọ̀ fún un pé kí ó má bá ọmọ ẹlòmíràn jiyàn nípa Bàbá Kérésì, nítorí pé àwọn òbí ọmọ yẹn ló ni ọ̀rọ̀ náà láti sọ. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n rí nǹkan tó nítumọ̀ fún un láti ṣe nígbà tí àwọn tó kù bá ń dánra wò fún eré ọdún, kí ó má baà máa jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ.

Kí ẹ tó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó lè má jẹ́ ẹ̀bùn rárá. Bí ó bá jẹ́ pé sísùn sí ilé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, níbi tí gbogbo wọn ti máa ń na ara wọn sórí ẹní kan náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ di òru, kò sí ohun tó so ìyẹn mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ẹ mú ọjọ́ mìíràn nínú ìsinmi náà, kí ẹ di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, kí ẹ sì gbé e lọ.