Èsì: Ṣé ìbọn kan pẹ̀lú ádápítà lè rọ́pò ìbọn mẹ́ta?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ìbọn bíi X-Caliber ti Chiappa, tó ní ọ̀pá géèjì 12 (géèjì ni ìwọ̀n ihò ọ̀pá; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i) àti ti ọta kékeré .22, lè yin oríṣiríṣi ọta lóòótọ́, tí ẹ bá ti ádápítà, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó gba ọta tó kéré, bọ inú ọ̀pá géèjì 12 náà. Àmọ́ ádápítà kúrú ju ọ̀pá lọ: tí ọta bá ti jáde nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ń darí rẹ̀ mọ́. Nítòsí nìkan ni kí ẹ ti lò ó.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọta géèjì 20. Láìsí ádápítà, ó lè yọ́ wọnú ọ̀pá géèjì 12, kó há síbẹ̀. Bí ẹ bá wá ki ọta 12 tẹ̀ lé e, tí ẹ yìn ín, ọ̀pá á bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́! Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ọta 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó méjèèjì sápò kan náà.