Gáàsì wo ló wà lẹ́nu yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra fún ìmòòkùn jíjìn nínú òkun. Sílíńdà mẹ́ta lẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé: ti ẹ̀yìn tí a ó máa mí nísàlẹ̀, ti ọ́ksíjìn 50%, àti ti ọ́ksíjìn gidi (100%) tí a ó pààrọ̀ sí bí a bá ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọ̀ hóòsì wọn bá ti yàtọ̀, kò sídìí láti máa fọwọ́ tọpa hóòsì ká tó pààrọ̀ gáàsì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Amòòkùn, Ẹ̀búté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Nínú ọ̀sà Èkó, ọwọ́ ara ẹni gan-an lè má hàn. Nínú òkun tó mọ́ pàápàá, pupa ló máa ń kọ́kọ́ pòórá bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn lórí ilẹ̀ ni àwọ̀ ń sọ. Kò lè sọ inú sílíńdà tí hóòsì ti wá.

Ọ́ksíjìn máa ń di májèlé bí omi bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Òpin tí wọ́n ń lò nígbà ìdúró bí a ṣe ń gòkè, tí a fi ń jẹ́ kí gáàsì tó ti wọ ara jáde díẹ̀díẹ̀, ni báà 1.6 (báà ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ̀). Ìdí nìyẹn tí ọ́ksíjìn gidi fi mọ sí mítà 6, tí 50% sì mọ sí mítà 21. Bí ẹ bá ṣèèṣì ki ọ́ksíjìn gidi bọnu ní mítà 21, báà 3.1 lẹ ń fà símú yẹn. Gìrì lè mú ènìyàn láìsí àmì kankan ṣáájú. Rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tí a ń ki bọnu láti mí, á jábọ́ lẹ́nu, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Orí ilẹ̀ niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa fa gáàsì náà ni kó fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́ksíjìn yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹni tó rọ ọ́ nìkan. Ẹ kọ ìwọ̀n ọ́ksíjìn, ọjọ́ àti orúkọ yín sára sílíńdà, kẹ́ ẹ sì kọ 6 tàbí 21 gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ṣí fáàfù kí gáàsì kún hóòsì, kẹ́ ẹ tún tì í. Bí ẹ bá mú èyí tí kò yẹ, fáàfù títì yẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fà ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Nínú omi, ẹ dé ibi ìdúró, kẹ́ ẹ dúró ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni kì í pààrọ̀ gáàsì lórí ìrìn. Ẹ wo géèjì jíjìn, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ara sílíńdà han ẹnìkejì. Tó bá ti fi àmì hàn pé ó tọ́, ẹ ṣí fáàfù sílíńdà yẹn. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdí hóòsì níbi fáàfù, kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ títí dé ibi tí a ń ki bọnu, kẹ́ ẹ má sì jù ú sílẹ̀ mọ́: ìyẹn gan-an ló ń wọ ẹnu. Ẹnìkejì á tọpa hóòsì kan náà láti ẹnu yín padà sí sílíńdà. Bí ẹ bá ń mí, abẹ́rẹ́ géèjì sílíńdà náà kò gbọdọ̀ máa jó. Tó bá ń jó, fáàfù ò tíì ṣí tán. Bí iyèméjì bá wà, ẹ padà sórí gáàsì ẹ̀yìn.

Ìgbà yìí lẹ tó ń yí kọ̀ǹpútà ọwọ́, èyí tó ń ṣírò ìdúró yín, sórí gáàsì tuntun. Ẹ má yí i ṣáájú, nítorí bí pípààrọ̀ bá kùnà, ìdúró kúkúrú tí kò tọ́ sí yín ló máa kà fún yín. Lẹ́yìn náà ló kan ẹnìkejì. Ẹni méjì kì í pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, àwa tí a sì máa ń jókòó wákàtí méjì sójú kan lórí Third Mainland Bridge ò lè ní a ò ní sùúrù.

Fún omi dúdú, ẹ lè wé rọ́bà mọ́ rẹ́gúlétọ̀ ọ́ksíjìn kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má tọpa hóòsì.

ÌBÉÈRÈ: Ọ́ksíjìn àwọn wẹ́dà ò wọ́n. Ṣé a lè rọ tiwọn? — Mushin

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe é. Ọ́ksíjìn ọ̀hún kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù bí kò ṣe sílíńdà tí ẹ ò mọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀ rí, àti gíríìsì tó wà lára ohun tí wọ́n fi ń rọ ọ́. Òróró àti ọ́ksíjìn tó há mọ́lẹ̀ máa ń gbiná. Sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀ tiyín náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀ nítorí ọ́ksíjìn. Ẹ máa rọra ṣí fáàfù wọn, nítorí ooru tí gáàsì ń mú wá tó bá ya lójijì tó láti dáná. Tí ẹ bá sì fẹ́ yẹ gáàsì wò, ẹ kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ lásán dán ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́ksíjìn wò: 20.9% ló yẹ kó kà.