Ẹ Bi Wá Léèrè: Àwọn Sístà Àgùdà, Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 19. Ó ní sístà lòun fẹ́ dà, òun sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣé kó kọ́kọ́ kàwé nọ́ọ̀sì tán ni, àbí kó wọ ilé àwọn sístà tààrà? Ọdún mélòó ni gbogbo rẹ̀ máa gbà?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọ̀nà náà gùn, ó sì ní ibùdókọ̀. Ẹgbẹ́ sístà tó bá fẹ́ gbà á máa kọ́kọ́ ní kó wá bá wọn gbé gẹ́gẹ́ bíi pósítúláǹtì, ìyẹn ẹni tó ń wo ìgbé ayé wọn wò. Bó ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀ yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa di nọ́físì, ìyẹn ẹni tó wà nílé ìgbáradì kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Òfin Ìjọ ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè di nọ́físì rárá. Oṣù 12 ló kéré jù fún ìgbáradì yìí, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ, àfi tí iyèméjì bá ṣì wà tí ọ̀gá àgbà sì fi oṣù díẹ̀ kún un, èyí tí kò ní ju 6.

Ibi nọ́físì yìí ni ìdáhùn yín wà. Nọ́físì tó bá kúrò nílé ìgbáradì fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà ṣe ní ìdákúrekú, ọdún náà ti bàjẹ́ lójú òfin nìyẹn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó ju ọjọ́ 15 lọ, ó gbọ́dọ̀ san ọjọ́ náà padà. Láàárín oṣù 12 náà, wọn ò gbọdọ̀ fún un ní ìwé kíkà tàbí iṣẹ́ tí kò jẹ mọ́ ìgbáradì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n á ti máa rán an lọ sí wọ́ọ̀dù kò lè bá ọdún yẹn rìn. Yálà kó kà á tán kó tó wọlé, tàbí kó dúró di ẹ̀yìn ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó máa jẹ́ lẹ́yìn ìgbáradì náà.

Bó bá ti rí ilé ẹ̀kọ́ gbà á, èrò tiwa ni pé kó kà á tán ná. Á ti mọ ohun tí aláìsàn jẹ́, á sì dàgbà sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé e dáadáa pé ẹ̀jẹ́ ìgbọràn kò wo ìwé ẹ̀rí: wọ́n lè ní kó lọ máa kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó bá jẹ́ pé aṣọ nọ́ọ̀sì nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó o. Kò nílò ẹ̀jẹ́ kankan.

Ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ ò ṣeé jẹ́ kí èèyàn tó pé ọdún 18. Ọdún 3 sí 6 ni wọ́n ń lò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè sún un síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 9 lọ lápapọ̀. Ẹ̀jẹ́ àìlópin ló kàn, ó kéré tán lọ́mọ ọdún 21. Bí ẹ bá ro ìwé nọ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ má retí kó dín ní ọdún 7 tàbí 8.

Wọ́n á béèrè ìwé ìrìbọmi, ìwé kọnfáméṣọ̀n àti ẹ̀rí pé kò sí lábẹ́ ọkọ. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó jẹ gbèsè tí kò lè san, nítorí òfin ò gbà kí wọ́n mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè: Àbúrò mi jẹ́ sístà, ó sì ń gba owó oṣù nílé ìwòsàn. Kí ló dé tí kì í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé?

Ìdáhùn: Nítorí pé owó náà kì í ṣe tirẹ̀. Ohunkóhun tí sístà bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, ti ẹgbẹ́ ni. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìbánigbófò náà sábà máa ń wọ ibẹ̀. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń bọ́ ọ, tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, tí wọ́n á sì ti rán àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ sílé ẹ̀kọ́. Dúkìá tó ti ní tẹ́lẹ̀ yàtọ̀: kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, kó sì tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìlópin, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé ìhágún tí òfin ìlú fọwọ́ sí. Bó bá kúrò lọ́jọ́ kan, kò lè béèrè owó iṣẹ́ tó ti ṣe, àmọ́ òfin kan náà ní kí ẹgbẹ́ fi ẹ̀tọ́ àti ìfẹ́ bá a lò. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ń ṣàìsàn, kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mátírọ́ọ̀nù ni mí. Àwọn sístà kan ń bá wa ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè to iṣẹ́ wọn tí àdúrà wọn ò fi ní bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé mo ń ṣojúsàájú?

Ìdáhùn: Mátírọ́ọ̀nù, ẹ to iṣẹ́ wọn bí ẹ ṣe ń to ti gbogbo nọ́ọ̀sì. Àdúrà òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò gùn, sístà sì lè dá a gbà nígbà tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kó wà láàárín àwọn yòókù. Kò sí ìdí kó fi abẹ́rẹ́ aago mẹ́fà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí Vincent de Paul, àlùfáà ará Faransé, fi lé ẹgbẹ́ tí òun àti Louise de Marillac dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1633 lọ́wọ́ ni pé bí aláìsàn bá pè ọ́ nígbà tí o wà lórí àdúrà, dìde, nítorí Ọlọ́run kan náà lo ń lọ bá.

Ohun tó ń fa wàhálà ni oorun. Sístà tó ṣe iṣẹ́ òru máa délé láàárọ̀, wọ́n á ní kó gbàlejò, kó kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù, kó sì wá jẹun ọ̀sán pẹ̀lú gbogbo ilé. Lóru ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á máa rí ìdá kan bíi mẹ́wàá lórí ìgò oògùn. Ẹ fi ìwé ètò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ó hàn gbangba pé ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru jẹ́ ọjọ́ oorun. Bó bá ṣeé ṣe, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé wọn kó má tún jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù wọn: bí ẹnì kan ṣoṣo bá di ipò méjèèjì mú, sístà tó bá ní ó ti rẹ òun á máa rò pé òun ń rú ẹ̀jẹ́ ìgbọràn. Ìsinmi àdúrà ọdọọdún jẹ́ dandan fún wọn, nítorí náà ẹ gba ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ní ti aṣọ, apá aṣọ gbọ́dọ̀ mọ sókè ìgúnpá, kí ìborí wà ní dídì sẹ́yìn kó má baà kan ojú egbò. Òrùka ẹ̀jẹ́ tí wọ́n fín àgbélébùú sí lára máa ń kó ìdọ̀tí pamọ́. Kó bọ́ ọ sílé.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò gbà kí sístà gbẹ̀bí nígbà kan?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Òfin Ìjọ dènà rẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 1936, nígbà tí Róòmù fọwọ́ sí i pé kí àwọn sístà kọ́ iṣẹ́ dókítà àti agbẹ̀bí. Anna Dengel, dókítà ará Austria tó dá ẹgbẹ́ àwọn sístà oníṣègùn sílẹ̀ ní Washington lọ́dún 1925, wà lára àwọn tó tiraka fún un. Nígbà tí ọ̀nà là, Mary Martin láti ìlú Dublin jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn ní Port Harcourt lóṣù kẹrin ọdún 1937, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Medical Missionaries of Mary ṣe bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn aboyún ní Anua, nítòsí Uyo.

Ìbéèrè: Ṣé sístà kan lè ṣe olùkọ́ kó tún ṣe nọ́ọ̀sì?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, bó bá gba ẹ̀kọ́ méjèèjì. Mother Teresa ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Kòlíkátà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1948, kò bọ́ sáàárín àwọn aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Ó kọ́kọ́ lọ sí Patna, ìlú kan ní India, lọ gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn sístà oníṣègùn. Èyí tó ń bàjẹ́ jù ni pé wọ́n á fi nọ́ọ̀sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún bíi mélòó kan, ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ á sì kú. Kó máa tún un ṣe lásìkò, kó máa lọ ṣiṣẹ́ ní klíníìkì nígbà ìsinmi, kí wọ́n sì máa bá a fọwọ́ sí wákàtí tó lò níbẹ̀ kó tó kúrò.