Bátìrì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́: ṣé ká fi pánẹ́ẹ̀lì kún un ni?

Ìbéèrè: Pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́rin ló wà lórí òrùlé wa, 400 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bátìrì lithium kílówáàtì-wákàtí 5. Kí ó tó di aago méjì ọ̀sán, bátìrì ti kún. Síbẹ̀, tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, ínfátà á máa ké, iná á sì kú. Alẹ́ la máa ń lọ aṣọ, alẹ́ náà la máa ń fa omi sí táńkì. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní ká ra pánẹ́ẹ̀lì méjì sí i. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ohun tó fi hàn pé pánẹ́ẹ̀lì yín tó: bátìrì ń kún lọ́sàn-án. Gbàrà tó bá ti kún, kìkì ohun tí ilé ń lò lọ́wọ́ ni ínfátà á máa gbà lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Oòrùn ṣì ń ràn, àmọ́ iná tó yẹ kó mú wá ò ríbi gbà. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá di mẹ́fà, bátìrì kàn máa tètè kún ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa wà.

Ẹ wo ìnáwó òru yín. Kí bátìrì má bàa tètè gbó, ó dáa kẹ́ ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ínfátà náà á jẹ tirẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́kàn lé bíi kílówáàtì-wákàtí 3.7 nínú 5 yẹn. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì tó gbóná fún wákàtí kan gbáko ti mú 1.2 lọ. Pọ́ǹpù 750 wáàtì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mú bíi 0.4. Fáànù mẹ́ta, 60 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́sàn-án, 1.6. Kí ló wá kù tí fìríìjì máa lò mọ́jú?

Ẹ gbé aṣọ lílọ̀ àti omi fífà sí ọ̀sán, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún. Ẹ dán an wò: ẹ wo iye wáàtì tó ń ti orí òrùlé wọlé lójú ínfátà, kẹ́ ẹ wá tan áyọ́ọ̀nù. Ẹ máa rí i tí iye náà á fò sókè. Iná tó ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ má lo áyọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù pọ̀, torí pánẹ́ẹ̀lì yín ò ní lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n ooru 25°C ni wọ́n fi ń wọn 400 wáàtì yẹn, pánẹ́ẹ̀lì tó wà lójú oòrùn sì lè gbóná kọjá 60°C. Bó ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Ilé tí bátìrì rẹ̀ kì í kún títí di ìrọ̀lẹ́ ló lè nílò pánẹ́ẹ̀lì sí i. Níbẹ̀ náà, òjìji ni mo máa kọ́kọ́ wá, torí ẹ̀ka igi tó ṣíji bo pánẹ́ẹ̀lì kan lè dín iná gbogbo èyí tí wọ́n so tẹ̀léra kù. Ẹ̀yin ẹ má gun òrùlé o! Bẹ́ ẹ tiẹ̀ pa ínfátà, iná ṣì wà nínú wáyà òkè níwọ̀n ìgbà tí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí èèyàn.

Bẹ́ ẹ bá ti gbé iṣẹ́ méjèèjì sí ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ kan, tí iná ṣì ń kú, a jẹ́ pé bátìrì lẹ máa rà, irú èyí tẹ́ ẹ ní gan-an. Kí ẹni tó máa ṣe é gba iná sínú bátìrì méjèèjì, ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun, títí wọ́n á fi kún, kó tó so wọ́n pọ̀.