Kí òjò ńlá tó dé: ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀

Ẹ béèrè pé wọ́n ti kéde lórí rédíò pé òjò ọdún yìí máa pọ̀ gan-an, ìjọba sì ní kí kálukú múra sílẹ̀. Kí gan-an ni ìmúra ọ̀hún? Ó dáa tí ẹ béèrè nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ríran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti múra de omíyalé, ohun tí mo sì rí ni pé ìkìlọ̀ orí rédíò kì í ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní àfi tó bá di nǹkan mẹ́ta nínú ilé: àmì tí ẹ ó máa wò, ìgbà tí ẹ ó jáde, àti orúkọ ẹni tó máa ṣe kí ni.

Àmì ló ṣáájú. Ẹ wá ibi tí omi ti máa ń kọ́kọ́ yọ sí yín, ì báà ṣe gọ́tà, ì báà ṣe etí odò, ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà mẹ́ta sí i. Tí omi bá kan ìlà àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹrù sókè, ẹ ṣáàjì fóònù. Tó bá kan ìkejì, ọmọdé, arúgbó, aboyún àti ẹni tí kò lè dá rìn gbọ́dọ̀ ti máa lọ. Tó bá kan ìkẹta, kò yẹ kó ku ẹnì kankan nílé. Ẹ má fa ìlà kejì sókè jù, nítorí ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde sábà máa ń rì kí ilé tó rì. Omi tó ń ṣàn, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó 30, ọkọ̀ kékeré á léfòó. Tó bá tó 60, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa gbé lọ, títí kan jíìpù. Torí náà, ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án, kí ẹ tún rìn ín lálẹ́, kí ẹ mọ ibi tí gọ́tà tí kò lọ́mọrí wà. Lọ́jọ́ tí àgbàrá bá dé, omi á ti dọ̀tí, ẹ ò ní rí ihò náà mọ́.

Ní ti àpò iyanrìn, ibẹ̀ làṣìṣe pọ̀ sí jù. Àwọn èèyàn á kún un dẹ́nu, wọ́n á sì fokùn so ó gbagidi. Irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, àárín wọn lomi máa gbà wọlé. Ìdajì àpò ni kí ẹ bu iyanrìn dé, ó pọ̀ jù náà ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má so ó; ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́. Ẹ tẹ́ náílọ̀n tó nípọn sí ìhà tí omi ti ń bọ̀, kí etí rẹ̀ wọ abẹ́ àpò ìsàlẹ̀. Ẹ wá tò wọ́n bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí àpò òkè gùn lé ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó to òmíràn lé e. Tí ẹ bá fẹ́ kó ga ní ìdajì mítà, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, torí omi máa tì í. Ẹ má gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀: omi máa ń ti inú páìpù padà wọlé. Ẹ fi náílọ̀n wé àpò iyanrìn kan, kí ẹ fi dí inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì dí ihò omi ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tí omi ìta bá ti ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ẹ má bá a jà mọ́. Agbára tí omi á fi máa ti ògiri nígbà náà lè wó ilé. Ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ẹ̀yin jáde.

Kí omi tó wọlé ni kí ẹ ti pa iná ilé níbi mítà. Tí ẹsẹ̀ yín bá ti wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì kankan. Jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni kó wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, àní bí òjò bá ń rọ̀. Carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní òórùn. Ojú oorun ló ń pa odindi ìdílé sí lẹ́yìn tí omi ti lọ, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ikú tí a lè yẹ̀ ni.

Omi mímu: lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún á nílò 60 lítà. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì tó ti gba epo ọkọ̀ tàbí oògùn kòkòrò rí pọn ọ́n. Tí èyí bá tán, ẹ se omi kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ kán bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sí i (èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún), ẹ̀kán méjì sí lítà kan, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí omi náà bá rú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá kán mẹ́rin. Àmọ́ omi tí epo bẹntiróòlù tàbí kẹ́míkà ti wọ̀, sísè ò lè tún un ṣe, bílíìṣì náà ò sì lè tún un ṣe.

Ìwé ẹ̀rí, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, owó kéékèèké, tọ́ọ̀ṣì, rédíò alábátìrì: ẹ kó wọn sínú àpò kan, ẹ fi náílọ̀n méjì wé e, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Tí fóònù kò bá lọ, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́; ó sábà máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá.

Ní ti orúkọ ẹni tó máa ṣe kí ni, ẹ wo Bangladesh, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, ìjì Bhola pa àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù pé wọ́n tó 300,000 ó kéré tán. Ní 1972, wọ́n dá ètò olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sílẹ̀ lábúlé-lábúlé: wọ́n á ta àsíá kan, méjì, tàbí mẹ́ta bí ewu bá ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á gbé gbohùngbohùn, wọ́n á máa kanlẹ̀kùn. Nígbà tí ìjì Amphan dé ní 2020, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni wọ́n kó kúrò létí òkun níbẹ̀, àwọn tó kú kò sì tó 50. Ilé tó dáa àti ibi ààbò tí wọ́n kọ́ kún un, àmọ́ láìsí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ta ló máa wọ ibẹ̀? Torí náà, ládùúgbò yín, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò lè dá jáde, kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì síwájú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹnì kan lè má sí nílé lọ́jọ́ náà.

Tí omi bá ti fà, ẹ má tan iná títí oníṣẹ́ iná á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Oúnjẹ àti oògùn tí omi náà kàn, ẹ dà á nù. Kànga tí àgbàrá wọ̀, ẹ má mu ún àfi tí wọ́n bá ti fa omi inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti yẹ omi tuntun tó sun síbẹ̀ wò.