Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn ní Peckham ti dá owó jọ, wọ́n fẹ́ fi ran àwọn ọ̀dọ́ Palestine tó jẹ́ ogunléndé lọ́wọ́, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá owó yunifásítì ni kí wọ́n san àbí kí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an ni mo ṣe fẹ́ dá sí i. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Jọ́dánì, 2015 sí 2021, èdè Lárúbáwá ni mo lọ kà ní Amman, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún yẹn, Sátidé Sátidé ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Tabarbour lọ sí ìlú Jerash láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú kámpù. Àwa náà dá owó jọ bíi tiyín, èmi àtàwọn ọmọ Nàìjíríà tá a jọ wà níbẹ̀ àtàwọn ẹbí wa kan ní London. A ná owó yẹn, a sì kọ́kọ́ ná an síbi tí kò yẹ. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé fún kámpù yẹn ni Jerash Camp, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀, Mukhayyam Ghazza ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyẹn kámpù àwọn ará Gásà. 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún nǹkan bí 11,500 èèyàn tí ogun Ísírẹ́lì àtàwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá lọ́dún 1967 lé kúrò ní Gásà. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Gásà látilẹ̀, agbègbè Bi'r as-Sab' (Beersheba), tó wà ní Ísírẹ́lì báyìí, ni ilé bàbá wọn, 1948 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lé wọn débẹ̀, nígbà tó tún di 1967 wọ́n tún sá. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn láàárín ogún ọdún. Lónìí wọ́n ti lé ní 30,000 lórí ilẹ̀ tí kò tó kìlómítà kan níbùú lóròó, kò sì jìn rárá sí àwókù ìlú àwọn ará Róòmù táwọn àlejò máa ń wọ ọkọ̀ wá wò láti gbogbo ayé. Páànù ló wà lórí ọ̀pọ̀ ilé. Tí òjò bá ti ń rọ̀ mi ò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan, ariwo páànù á bo ohùn mi, àá kàn jókòó máa mu tíì tí wọ́n fi ewé maramiyya sè títí tó fi máa dá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé ìdánimọ̀. Nígbà tí Jọ́dánì ń ṣàkóso West Bank, ìyẹn apá kejì ilẹ̀ Palestine, ó sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ onílùú, àmọ́ Íjíbítì ló wà ní Gásà nígbà yẹn, torí náà àwọn tó wá láti Gásà ò bá wọn gba ti ọmọ onílùú. Pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún méjì ni wọ́n fún wọn, kò sì sí raqam watani nínú ẹ̀, ìyẹn nọ́mbà ọmọ ìlú. Ọ̀rọ̀ nọ́mbà yìí lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, kò lè ṣiṣẹ́ ìjọba, kò lè ṣe lọ́yà, tó bá sì wọ yunifásítì, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jọ́dánì, tí wọ́n bí bàbá ẹ̀ náà síbẹ̀ o.

Èmi ò mọ gbogbo èyí nígbà tí mo débẹ̀, tàbí ká sọ pé mo gbọ́ ọ àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí mò ń kọ́, orí ẹ̀ pé gan-an, ó ṣe Tawjihi, ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdírì wọn, ó gba ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. A ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ní kó lọ ka àkáǹtì ní yunifásítì, a ó san án. A sì san án lóòótọ́ fún ọdún mẹ́rin, èmi fúnra mi ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì lálẹ́ nílé àwọn olówó ní Amman kí owó yẹn lè pé, àwọn ẹ̀gbọ́n ní London ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Ó jáde, èsì ẹ̀ dáa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́.

Mo sìn ín lọ sí ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan torí ó ní òun fẹ́ kí n bá òun jókòó níta. Láti ibi tí mo jókòó mò ń wò wọ́n látojú gíláàsì. Obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń yẹ àwọn sátífíkéètì ẹ̀ wò, ó ń mi orí, ìgbà tó wá kan pásípọ́ọ̀tù, ó ṣí i, ó wo ojú ewé kan, ó yí i padà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra pa á dé, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tì í padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà lórí tábìlì. Wọ́n ní àwọn á pè é. Nínú bọ́ọ̀sì tá à ń bọ̀, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò ní Amman, ló bá wojú mi, ó ní, "Miss, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni?" Mi ò lè dá a lóhùn. Ibi mẹ́jọ ló lọ lọ́dún yẹn. Ní báyìí ó ń ta ìbòrí fóònù àti ṣájà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ó sì ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù mélòó kan ṣe ìwé owó wọn. Kò bínú sí wa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ má gbọ́ ọ sódì o, mi ò ní kẹ́ ẹ má rán ọmọ níwèé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká tó san kọ́bọ̀ ó yẹ ká ti wá ẹni tó ti ka iṣẹ́ yẹn tán nínú kámpù yẹn gan-an, tí ìwé ọwọ́ ẹ̀ sì rí bíi ti ọmọ náà, ká bi í pé níbo lo wà báyìí, kí lò ń jẹ. Ìbéèrè ọjọ́ kan péré ni, ọdún mẹ́rin ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀. Látìgbà náà a ò san owó kankan ká tó bi ẹni mẹ́ta ó kéré tán.

Torí ìwé yìí ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ọmọ méjì lè jọ jẹ́ ọmọ ọmọ bàbá kan náà, kí ọ̀kan wà ní kámpù Baqa'a nítòsí Amman tó ní nọ́mbà, tó lè ṣe tíṣà ìjọba, kí ìkejì wà ní Lẹ́bánónì tó jẹ́ pé dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, gbogbo iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ọn. Ní Síríà, òfin 1956 ti jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ọmọ ìlú, kógun tó dé tó da gbogbo ẹ̀ rú. Nítorí náà tẹ́nì kan bá kàn sọ fún yín pé "ọmọ Palestine kan nílò ìrànlọ́wọ́", ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí owó kékeré ti ṣiṣẹ́. Ilé ìwé UNRWA, ìyẹn àjọ UN tó ń bójú tó ogunléndé Palestine, ní Jọ́dánì, kíláàsì kẹwàá ló parí sí. Tọ́mọ bá fẹ́ ka kọkànlá àti kejìlá, ilé ìwé ìjọba ló máa lọ, owó ọkọ̀ sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já sílẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin tó ń gba ipò kìíní tí kò lọ mọ́ torí owó bọ́ọ̀sì, kì í ṣe pé bàbá ẹ̀ ò fẹ́ o, bàbá yẹn ń já ólífì lóko olóko, ọjọ́ tó bá rí iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹun. Owó bọ́ọ̀sì ọmọ méje fún ọdún kan ò tó ohun tá a san fún sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ti ọmọ àkáǹtì yẹn. Márùn-ún nínú àwọn méje yẹn ló ṣe Tawjihi.

Nígbà tí Kòrónà dé ní March 2020, tí wọ́n fọn fèrè kónílé-ó-gbélé kalẹ̀ ní Jọ́dánì, ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní Darsak. Ilé kan tí mo mọ̀, ọmọ mẹ́rin, fóònù kan, ojú ẹ̀ sì ti fọ́. Ìyá wọn lẹ tákàdá mọ́ ògiri, ó pín wákàtí fún wọn, èyí tó wà ní Tawjihi ló ń gba òru torí òru ni kò sẹ́ni tó máa já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Dátà la rà fún wọn, àti fóònù tòkunbọ̀ kan. Ọmọ yẹn ló ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni báyìí, a kọ́kọ́ béèrè dáadáa lọ́wọ́ àwọn tó ti ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ o.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ ṣọ́ra. A kó òwú àti aṣọ lọ ká lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní tatreez, iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ wọn tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá lọ́dún 2021. Àṣé ìyá àgbà wọn ti kọ́ wọn tipẹ́. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó máa rà á lówó gidi, àwọn alágbàtà ló ń wá gbé e lówó pọ́ọ́kú lọ tà ní Amman. Ìgbà tí àǹtí kan ní Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gba iṣẹ́ pọ́ọ̀sì kéékèèké lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, tí wọ́n ń sanwó ṣáájú, ìgbà yẹn ni owó tó dé ọwọ́ wọn.

Èyí tó yọrí jù ni ọmọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù (AC) ṣe. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNRWA ní Wadi Seer, tó ti wà látọdún 1960. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló kọ́ ọ, àwa kàn san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni. Ìgbà tó jáde ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí sátífíkéètì ò lè fa gáàsì. A ra gééjì tí wọ́n fi ń wọn gáàsì fún un, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ohun tí wọ́n fi ń jó kọ́pà, a sì bẹ ọ̀gá kan ní Jerash kó jẹ́ kó tẹ̀ lé òun fún oṣù mẹ́fà, a ń fún ọmọ náà ní owó díẹ̀ lóṣooṣù kó má bàa sá lọ sóko. Onílé tí fíríìjì ẹ̀ ti kú kì í bèèrè nọ́mbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rí i lẹ́yìn ọdún kan, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì àtijọ́ kan, ó gbé etí lé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ní kí ìyá onílé má ra tuntun, relé, nǹkan kékeré tó ń tan mọ́tò ẹ̀, ló bàjẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé ọrẹ àtinúwá àwọn ìjọba ni UNRWA fi ń ṣiṣẹ́ láti 1950. Amẹ́ríkà dá tiẹ̀ dúró ní 2018, ó dá a padà ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún dá tiwọn dúró ní January 2024. Torí náà ẹ fi díẹ̀ pa mọ́ nínú owó yín, ẹ má ná an tán lọ́dún àkọ́kọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ dì í mú títí ó fi máa gba owó oṣù ẹ̀ àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ orílẹ̀-èdè tí ọmọ náà wà àti irú pásípọ́ọ̀tù tó ń lò, ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ ohun tí mo bá mọ̀. Onífíríìjì yẹn ti gba ọmọ kámpù méjì mọ́ra, ó ń kọ́ wọn, gééjì kan ṣoṣo làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń pín lò. Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ fi owó gééjì kejì ránṣẹ́.